La Verna: Wákàtí Kan Nínú Ọ̀kan Lára Àwọn Ihò Tí Ó Jìn Jù Lọ Láyé

Ẹni tí ó bá ń wá ihò tí òkúta funfun ń so rọ̀ láti òkè rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, tí wọ́n sì ti tan iná aláràbarà sí i lára kí ó lè wu ènìyàn nínú fọ́tò, kí ó fi owó rẹ̀ sápò, kí ó wá ibòmíràn lọ. Òfìfo ni wọ́n ń fi han ènìyàn ní La Verna: àyè kan nínú ikùn òkè tí ó fẹ̀ débi pé ìmọ́lẹ̀ iná tí mo dè mọ́ orí ti kú sójú ọ̀nà kí ó tó dé ògiri òdìkejì. Mo lọ síbẹ̀ pẹ̀lú àbúrò mi obìnrin, mo sì fẹ́ sọ ohun tí a bá níbẹ̀ fún ẹni tí ó ń rò ó bóyá kí òun náà lọ, pàápàá jù lọ nítorí pé fọ́tò kò lè sọ ọ́ fún un. Wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà, ṣùgbọ́n níhìn-ín, ojú fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ tó. Etí àti awọ ara ni wọ́n bá a parí iṣẹ́ náà.

Yàrá kan ṣoṣo ni La Verna jẹ́ nínú àkójọ ihò tí wọ́n ń pè ní Pierre Saint-Martin, tí ó wà lábẹ́ òkè Pyrénées ní ààlà ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Sípéènì. Gbogbo ojú ọ̀nà inú rẹ̀ lápapọ̀ ju kìlómítà 80 lọ, láti ẹnu rẹ̀ tí ó ga jù títí dé ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn dé nísàlẹ̀ sì ju mítà 1,400 lọ. Ìgbà kan wà, ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, tí a kò mọ ihò mìíràn láyé tí ó jìn tó o. Lónìí àwọn mìíràn ti gba ipò náà mọ́ ọn lọ́wọ́: Veryovkina àti Krubera, tí àwọn méjèèjì wà ní òkè Arabika ní Abkhazia, ní Jọ́jíà, jìn tó nǹkan bí mítà 2,200. Ṣùgbọ́n kò sí tíkẹ́ẹ̀tì tí ènìyàn lásán lè rà láti wọ inú àwọn méjì yẹn. Ẹni tí yóò dé ìsàlẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ mọ okùn lò bí ẹní mọ ọwọ́ ara rẹ̀, yóò sùn nínú àgọ́ lábẹ́ ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, yóò sì máa bá omi tútù jìjàkadì. Ní ọdún 2018, ìkún omi lé àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ Veryovkina sókè, díẹ̀ ni ó sì kù kí ó bá wọn. Pàtàkì La Verna nìyí. Ó jẹ́ ibi kan tí ẹni tí kò gun òkè rí, tí kò sì fọwọ́ kan okùn rí, ti lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ àárín ihò tí ó jìn ní tòótọ́. Èdè wa ní ọ̀rọ̀ kan fún irú ibi báyìí, ọ̀gbun àìnísàlẹ̀, àmọ́ èyí ní ìsàlẹ̀, ó sì ti lé ní ọdún 70 tí àwọn ènìyàn ti ń fi okùn wọ̀n ọ́n lábala-lábala.

Láti abúlé Sainte-Engrâce, ní ilẹ̀ àwọn Basque tí ó wà lápá Faransé, ni ìrìn àjò náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí ènìyàn ti gba àyè sílẹ̀ kí ó tó dé, nítorí pé iye ènìyàn tí wọ́n ń mú wọlé lẹ́ẹ̀kan kò pọ̀. Bọ́ọ̀sì kékeré kan gbé wa gun òkè lórí ọ̀nà tóóró kan tí mo fi ojú dídì rìn lápá kan rẹ̀; ẹni tí ó mọ̀ pé ọ̀gbun ẹ̀gbẹ́ títì máa ń dẹ́rù ba òun, kí ó jókòó sí ìhà òkè. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, afinimọ̀nà wa fún olúkúlùkù ní akoto tí iná wà níwájú rẹ̀, ó wo bàtà wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mi orí díẹ̀ sí tèmi, kò sì sọ nǹkan kan. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ bàtà yẹn.

Ẹnu ọ̀nà tí a gbà wọlé kì í ṣe ẹnu ihò. Ọ̀nà tí wọ́n fi ẹ̀rọ àti àdó olóró gbẹ́ ni, gígùn rẹ̀ tó mítà 660, ó sì tẹ́ débi pé ẹni tí ó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbà á kọjá. Iléeṣẹ́ iná mànàmáná ilẹ̀ Faransé, EDF, ni ó gbẹ́ ẹ láàárín ọdún 1956 sí 1960, nítorí pé wọ́n fẹ́ mú odò tí ń ṣàn nínú ihò náà kí ó lè máa yí ẹ̀rọ iná. Wọ́n kọ́kọ́ ṣi ọ̀nà, wọ́n tún un gbẹ́, wọ́n dé inú yàrá náà níkẹyìn, wọ́n sì wá pa iṣẹ́ náà tì. Ó di ọdún 2008 kí omi náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú iná jáde ní tòótọ́, ọdún 2010 sì ni wọ́n ṣí ibẹ̀ fún àlejò. Mo mọ àwọn tí yóò sọ pé gbígba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wọ ihò dà bí gbígba ẹ̀yìnkùlé wọ ààfin, n kò sì lè jiyàn pẹ̀lú wọn. Síbẹ̀ ìrìn ìṣẹ́jú mélòó kan nínú ọ̀nà tóóró yẹn wúlò gan-an fún ohun tí ó ń bọ̀. Ó ń fún ojú ní ìwọ̀n: ògiri sún mọ́ ọ lọ́tùn-ún, ó sún mọ́ ọ lósì, òkè sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan akoto rẹ.

Lẹ́yìn náà, ògiri tán.

Bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ nìyẹn. A jáde láti inú ọ̀nà náà, ìró ẹsẹ̀ wa yí padà lójijì, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá tí ó sì bọ́ sí gbangba pápá, mo sì rí i pé iná orí gbogbo wa, àwa bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò rí ibì kan fara tì. Àbúrò mi fà mí láṣọ, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ìta la tún bọ́ sí ni? Ṣé ilẹ̀ ti ṣú ni?" Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni. Ìbéèrè rẹ̀ kò sì gọ̀ rárá, nítorí pé ohun tí ó wà níwájú wa jọ òru tí kò ní ìràwọ̀ ju bí ó ti jọ inú ilé lọ.

Yàrá náà gùn tó mítà 255, ó fẹ̀ tó mítà 245, ó sì ga tó mítà 194. Àwọn nọ́ńbà yìí ti wà lórí mi kí n tó lọ, wọn kò sì ràn mí lọ́wọ́. Ohun tí ó ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀ ni kí n máa ronú nípa ìjọ Notre-Dame ní Paris, tí àwọn ilé ìṣọ́ méjì tí ó wà níwájú rẹ̀ ga tó mítà 69: a lè to méjì irú rẹ̀ lé ara wọn nínú La Verna kí àyè ṣì kù fún ẹyẹ láti fò lókè wọn. Ní ọdún 2003, wọ́n tilẹ̀ gbé bàlúùnù ńlá, irú èyí tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbé fò, wọ inú ibẹ̀, ó sì fò. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ kí ó yé mi tán ni àwọn àlejò mìíràn tí wọ́n ti ṣáájú wa dé. Mo rí àmì iná wínńiwínní mélòó kan lókèèrè nísàlẹ̀, wọ́n ń rìn tẹ̀léra bíi tanátaná, mo rò pé ohun èlò kan ni wọ́n gbé síbẹ̀ fún ẹwà. Ìgbà tí ọ̀kan nínú wọn gbé orí sókè wò wá ni mo tó mọ̀ pé ènìyàn ni wọ́n.

Afinimọ̀nà wa mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò tan àwọn iná ńláńlá tí wọ́n gbé síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà; ó tan ọ̀kan, ó dúró, ó jẹ́ kí a rò pé a ti rí òpin ibẹ̀, ó wá tan òmíràn tí ó fi hàn wá pé ohun tí a pè ní òrùlé kò ì tíì dé ìdajì. Nígbà tí ó tan gbogbo rẹ̀ tán, tí ilé sì rí roboto lókè bí inú igbá tí a dorí rẹ̀ kodò, ó pa wọ́n, ó sì ní kí àwa náà pa iná orí wa. Ìṣẹ́jú bíi méjì ni a lò nínú òkùnkùn biribiri yẹn. Kí ènìyàn gbé ọwọ́ síwájú ojú, kò ní rí i. Omi ni a ń gbọ́: odò Saint-Vincent ń já wọlé láti òkè bí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ó ń lu òkúta, ó sì ń wọ ilẹ̀ lọ láàárín àwọn òkúta wẹ́wẹ́ tí ó tẹ́ sí ìsàlẹ̀ yàrá náà, bí omi tí a dà sínú yanrìn. Nínú gbogbo owó tí mo san, ìṣẹ́jú méjì yìí ni mo lè sọ pé ó ju iye rẹ̀ lọ.

Ìdí tí àyè bẹ́ẹ̀ fi wà níbẹ̀ rọrùn láti gbọ́, afinimọ̀nà náà sì sọ ọ́ dáadáa. Òkúta ẹfun ni ó wà lókè, omi sì máa ń jẹ òkúta ẹfun díẹ̀díẹ̀; nísàlẹ̀ rẹ̀ ni òkúta mìíràn wà tí ó ti gbó jù ú lọ fíìfíì, tí omi kì í là kọjá. Odò náà ti ń rìn lórí òkúta gbígbó yìí, ó ń jẹ ìdí òkúta ẹfun, títí ohun tí ó wà lókè fi ń ya lulẹ̀ tí odò sì ń ru àwókù rẹ̀ lọ. Ihò ńlá mìíràn tí wọ́n ń pè ní Aranzadi ṣì wà lára ògiri òdìkejì, ó ga sókè, ó gbẹ. Ojú ọ̀nà tí odò náà ń gbà tẹ́lẹ̀ nìyẹn kí ó tó rí ọ̀nà ìsàlẹ̀. Afinimọ̀nà fi ìtànṣán iná tọ́ka sí i, mo sì wò ó títí ọrùn fi dùn mí.

Apá kan wà nínú ìbẹ̀wò náà tí mo rò pé wọ́n sáré lé jù, òun náà sì ni apá tí ó yẹ kí wọ́n fi gbogbo àkókò sọ. Ọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe mọ̀ pé ibẹ̀ wà ni. Ní ọdún 1950, Georges Lépineux, ọ̀kan lára àwọn tí ń wọ ihò wò, rí ẹyẹ dúdú kan tí ó jọ kannakánná tí ó fò jáde láàárín òkúta lórí òkè náà, ó lọ wo ibi tí ó ti jáde, ó sì bá ihò kan tí òkúta tí wọ́n jù sínú rẹ̀ pẹ́ kí ó tó dún. Ihò òòró náà jìn tó mítà 320 láìsí ibi ìsinmi kan, a kò sì tíì mọ irú rẹ̀ láyé nígbà náà. Ní ọdún 1951, Max Cosyns, onímọ̀ físíìsì ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, kó ẹgbẹ́ kan wá pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń fi okùn irin sọ ènìyàn kalẹ̀ tí ó sì ń fà á sókè, Marcel Loubens, tí òun náà máa ń wọ ihò wò, sì wà lára àwọn tí ó bá wọn sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n padà wá ní oṣù kẹjọ ọdún 1952. Bí ẹ̀rọ ti ń fa Loubens bọ̀ sókè, ohun ìdè tí ó so okùn irin mọ́ àmùrè rẹ̀ tú, ó sì já lu òkúta. Ọmọ ọdún 29 ni. Dókítà André Mairey ní kí wọ́n fi okùn kan náà yẹn sọ òun kalẹ̀ kí òun lè tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn bíi wákàtí 36 Loubens kú sábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí lábẹ́ òkúta, nítorí pé kò sẹ́ni tí ó rí ọ̀nà gbé òkú rẹ̀ jáde. Ó di ọdún 1954 kí wọ́n tó lè gbé e wá fún ẹbí rẹ̀.

Láàárín ikú náà àti ìgbà tí wọ́n gbé òkú jáde ni wọ́n rí yàrá tí àwa àlejò ń rìn nínú rẹ̀ lónìí. Ní ọdún 1953, àwọn ọ̀dọ́ síkáòtù láti ìlú Lyon tẹ̀ lé odò náà lọ sísàlẹ̀, wọ́n gba ibi ibojì Loubens kọjá, títí wọ́n fi dé etí ibi tí iná wọn kò ti rí nǹkan kan mọ́. Orúkọ ẹgbẹ́ wọn, La Verna, ni wọ́n fi sọ ibẹ̀. Ó ju mítà 700 lọ nísàlẹ̀ ẹnu ihò tí ẹyẹ náà ti fò jáde, kò sì sí ibì kan tí ènìyàn tíì jìn tó bẹ́ẹ̀ nínú ilẹ̀ lọ́jọ́ náà bí kì í bá ṣe ti awakùsà. Gbogbo èyí, ìtàn tí ó ń mú kí irun ara dìde, afinimọ̀nà wa fi bí ìṣẹ́jú márùn-ún sọ ọ́ nígbà tí àwọn kan ti ń wo aago. N kò bá a wí. Wákàtí kan kò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ènìyàn ti mọ ìtàn náà kí ó tó lọ, kí ó má ṣe dúró de ẹni tí yóò sọ ọ́ fún un nínú òtútù.

Òtútù náà, ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bí 6°C lọ, ooru ìta ì báà ga tó èyíkéyìí, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì rin ṣinṣin débi pé èémí ń di kùrukùru lẹ́nu. Wọ́n kìlọ̀ fún wa, mo sì wọ aṣọ tí ó nípọn. Ibi tí mo ti ṣẹ̀ ni ẹsẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan tí n kò ní dárúkọ ti fi dá mi lójú pé bàtà tí mo rà lọ́wọ́ wọn kò lè yọ̀ lórí òkúta tútù, bàtà náà sì yọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó dé ìsàlẹ̀ yàrá, ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo fi ìdí jókòó sórí òkúta tí ó mú. Ọ̀nà tí a là fún àlejò dára, ó sì ní ohun ìdìmú níbi tí ó bá ṣe gẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ̀bi kò sí lọ́dọ̀ wọn. Bàtà tí ó ga dé ọrùn ẹsẹ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín jínjìn, kò ṣeé fi nǹkan mìíràn rọ́pò.

Ẹ̀dá alààyè tún wà níbẹ̀, bí ojú kò bá tilẹ̀ rí wọn. Kòkòrò kékeré kan tí ó fara jọ yímíyímí, tí kò ní ojú rárá nítorí pé kò sí ohun tí yóò fi ojú wò, ń gbé nínú ihò yìí. Aphaenops ni orúkọ ìdílé rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀, ẹ̀yà rẹ̀ kan sì ń jẹ́ Aphaenops loubensi, orúkọ ẹni tí ó kú síbẹ̀. Àwòrán rẹ̀ ni mo rí. Àbúrò mi dúró, ó ń fi iná wá a lára òkúta títí tí wọ́n fi pè é.

Ẹni tí ó bá ní ọmọdé lọ́wọ́ lè mú wọn lọ sí ìbẹ̀wò wákàtí kan yìí láìsí ìyọnu, bí àwọn ọmọ náà kò bá ń bẹ̀rù òkùnkùn. Arúgbó tí orúnkún rẹ̀ ṣì gbọ́ràn lè lọ pẹ̀lú. Ẹni tí mo rò pé kò ní gbádùn rẹ̀ ni ẹni tí ó fẹ́ ya fọ́tò: gbogbo ohun tí mo yà jẹ́ dúdú tí ó ní àmì funfun kan láàárín, àfi ọ̀kan tí ó gbé akoto àbúrò mi jáde dáadáa. Èdè Faransé ni afinimọ̀nà náà fi ń sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀, ó sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì tí kò gùn ṣe àfikún fún wa nígbà tí a bá bi í; ẹni tí kò gbọ́ Faransé yóò pàdánù àwàdà rẹ̀, èyí tí ó jọ pé ó pọ̀.

Ìbẹ̀wò tí ó gùn ju èyí lọ tún wà, níbi tí wọ́n ti ń kọjá La Verna lọ sí òkè odò, sí yàrá Chevalier àti ọ̀nà tí àwọn síkáòtù gbà sọ̀ wá. Àwọn kan nínú àwọn tí ó ṣe é bá wa pàdé nígbà tí a ń jáde, ẹrẹ̀ bò wọ́n dé ìgbáròkó, wọn kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀, bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Ohun tí wákàtí kan kò lè fún ènìyàn ni wọ́n ti rí gbà: bí ó ti ń rẹ ènìyàn lábẹ́ ilẹ̀, tí ó sì mọ̀ pé gbogbo ọ̀nà tí òun rìn lọ ni òun yóò tún rìn bọ̀. Àbúrò mi ní òun kò ní bá mi lọ, ó ní ọ̀kan tí òun rí ti tó òun. Èmi ti gba àyè sílẹ̀ fún ara mi, mo sì ti ra bàtà mìíràn.